Ọ̀pá Òjò Tí Wándé Gbé Dábùú Ọ̀nà

Àtìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ni Akínwándé ti ń di ẹrù ìdánwò tí yóò ṣe lẹ́yìn Àjíǹde. Àwọn ará Erúnmu a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀ ló ń di ẹrù, ta ní í di ẹrù ọjọ́ kan péré? Wándé a rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tí kò ní èkejì ni ó yẹ kí èèyàn di ẹrù rẹ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ìwé mẹ́fà ni Wándé kà ní ilé-ìwé ìjọ kí bàbá rẹ̀ tó kú. Abọ́ yangí ni ó kọ́kọ́ rù fún àwọn tí ń la ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ń di okùn ìwọ̀n mú, nígbà tí ó yá ó di ẹni tí ń sọ ibi tí omi yóò gbà. Àwọn ìwé tí ó ń rà láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí ilé-ìfìwéránṣẹ́ ń bá a gbé wá, ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìyókù. Nígbà tí a fi gba òmìnira, òun ni ọ̀gá ojú ọ̀nà fún káńsù, ó sì ti yege nínú gbogbo apá ìdánwò àwọn ẹnjiníà, àfi ẹyọ kan tó kù. Èyí náà ni wọ́n ti ń gbé afárá tàbí ọ̀nà lé èèyàn lọ́wọ́ pé kó ṣírò rẹ̀, kó sì yà á sórí bébà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá yege níbẹ̀, ìwé-àṣẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó di ẹnjiníà, wọn kò tún ní máa gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ṣe ọ̀gá lé e lórí.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìdánwò náà ń wáyé. Àwọn tó ni ín sì ti kéde pé láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ka ìwé mẹ́wàá kò ní í jókòó sí i mọ́. Ilẹ̀kùn tí Wándé ti ń kàn láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí wọ́n tún ṣí i fún irú rẹ̀.

Wándé kì í rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ kó má fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ ìdánwò náà dà bí ẹ̀rọ lójú rẹ̀: ó ní ibi tó ti ń yí, ó sì ní ibi tó ti lè há. Ó jókòó tì í, ó ń tú u palẹ̀. Òógùn ni ó kọ́kọ́ bá wí. Bí òógùn ọwọ́ bá kán sórí ìyàwòrán, yíǹkì á ràn káàkiri, nítorí náà ó ní kí ìyàwó rẹ̀, Adétutù, bá òun rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí òun yóò máa tẹ́ sábẹ́ ọrùn ọwọ́. Ó kan oúnjẹ. Àkàrà kò lè bá a lọ, nítorí epo. Mọ́ínmọ́ín lè kan nínú ooru. Iṣu sísè àti ẹ̀pà ni ó yàn, ó sì ti jẹ ẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ kan láti mọ̀ bóyá yóò mú oorun kun òun. Ó gbẹ́ orí pẹ́ńsù líle fún ìlà fẹ́lẹ́, ó gbẹ́ orí èyí tó rọ̀ fún ìlà tó nípọn, ó fi òwú we orí gbogbo wọn kí wọ́n má baà kán lójú ọ̀nà. Ó kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé kọ́ńpáàsì, ó sì nù ún títí kò fi sí àmì òróró lára rẹ̀ mọ́.

Pákó ìyàwòrán ni ọba ẹrù náà. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ wá. Wándé mú igi arère lọ bá káfíńtà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí pé arère fúyẹ́, pẹ́ńsù kì í sì í fò lójú rẹ̀. Ó ní kó kan igi ìdábùú méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ká bí ewé nínú ooru. Fífẹ̀ rẹ̀ tó ilẹ̀kùn fèrèsé. Aṣọ onírọ́bà tí Adétutù fi ń tẹ́ tábìlì ni ó fi wé e.

Ó tilẹ̀ ti lọ wo ibi tí wọn yóò ti ṣe ìdánwò náà. Ó wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà Jùbrílù lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé kan, ó fẹsẹ̀ rìn dé gbọ̀ngàn náà lápá Agodi, ó wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ó wo ilé ìyàgbẹ́. Bàbá arúgbó kan tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún un pé, "Bí agogo mẹ́sàn-án bá ti lù, mo ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ìbáà ṣe ọmọ ọba, ó di ọdún tó ń bọ̀." Inú Wándé dùn sí bàbá náà. Ó fẹ́ràn òfin tí kì í wo ojú. Ó pinnu lójú ẹsẹ̀ pé òun kò ní fi ọ̀rọ̀ náà lé àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ìdánwò bọ́ sí lọ́wọ́: ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òun yóò ti lọ sùn sílé àǹtí ìyàwó òun ní Ìbàdàn.

Níbi tí gbogbo rẹ̀ ti gún régé báyìí ni Bàbá Láyí ti ránṣẹ́ pè é. Bàbá Láyí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, òun náà sì ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn.

"Mo gbọ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta lo fẹ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ni yóò wá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú? Èmi? Ṣé èmi ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò?"

"Bàbá, àdúrà tí ẹ bá gbà lẹ́yìn mi náà yóò bá mi níbẹ̀."

Bàbá Láyí yíjú sí àwọn tó jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ó fẹ́ kọ́ èmi bí àdúrà ṣe ń rìn. Ó ti wọn ọ̀nà ọ̀run náà!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. "Wándé, àwọn ìyá ìjọ ti gbààwẹ̀ nítorí tìrẹ. Kí n wá lọ sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti sá lọ kí wọ́n tó gbọ́wọ́ lé e lórí? Bí o bá wá ṣubú ńkọ́? Ta ni wọn yóò di ẹ̀bi rù?"

Wándé dọ̀bálẹ̀. Kí ni ó tún kù? Àgbà tó bọ́ni kó tó di pé a lè bọ́ ara wa, bí ó bá ní ká jókòó, ìdí ni à ń wá ilẹ̀ fún. Ó padà sílé, ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ kan kì í lọ sí Ìbàdàn láti Erúnmu lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ lọ́jọ́ Ajé, Jùbrílù á gbéra. Bí táyà kan tilẹ̀ jò lójú ọ̀nà, àyè á ṣì wà. Òjò kò sì tíì rọ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Ọ̀nà le bí irin.

Ọ̀rọ̀ òjò yìí gan-an ló wà lọ́kàn gbogbo ìlú. Ebè iṣu ti là, àgbàdo tí wọ́n gbìn kò hù, odò ti fà sẹ́yìn. Àwọn Mùsùlùmí ti jáde lọ kírun sí pápá gbalasa lọ́jọ́ Jímọ̀ láti tọrọ òjò. Lọ́jọ́ Àìkú, Wándé kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, àwọn àgbà ìjọ gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n ní ọ̀nà á là fún un, wọ́n ní ohun tó dábùú á ká kúrò. Ó ṣe àmín. Kò tíì dìde tán tí Bàbá Láyí fi bọ́ sórí àdúrà kejì, pé kí Olúwa ṣí fèrèsé ọ̀run kó rọ òjò sílẹ̀, kó má ṣe pẹ́, kó má ṣe dọ̀la. Gbogbo ìjọ ké àmín, Wándé náà ké e. Oko tirẹ̀ náà ń gbẹ.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, òjò dé. Kì í ṣe èyí tí ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ sá lọ, àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni. Àwọn ọmọdé bọ́ síta, àwọn àgbà gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, wọ́n ń kí ara wọn láti ilé dé ilé. Adétutù bá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí, ó gbé pákó lé orúnkún.

"Bàbá Títíladé, gbogbo ayé ń yọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ lejú koko."

"Inú mi dùn. Àgbàdo á hù."

"Kí ló wá dé?"

"Ọ̀pá òjò ni mò ń rò."

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀pá òjò. Ọ̀nà yangí bí búrẹ́dì ni: èèpo òkè rẹ̀ ni ó le. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba inú rẹ̀ wọlẹ̀, abẹ́ á di ẹ̀kọ gbígbóná bí òkè tilẹ̀ ti gbẹ. Bí ẹlẹ́sẹ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́ bá kọjá, kò sí ohun tó ṣe é. Bí lọ́rì bá gùn ún, èèpo á fọ́, omi á dúró nínú ojú táyà, lọ́rì tó tẹ̀lé e á jìn sí i, nígbà tí òjò bá fi rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀nà ti di poro oko. Wándé ló mú un wá síwájú káńsù pé kí wọ́n gbé ìtí igi dábùú ọ̀nà ní àfonífojì odò Àfọ́n, láàárín Erúnmu àti ọ̀nà ọlọ́dà, kí wọ́n fi ṣéènì àti àgádágodo dè é. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ọ á tì í, kò ní ṣí i títí oòrùn yóò fi pa á dáadáa. Tẹ́lẹ̀, àárín òjò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ọdún yìí ni Wándé fúnra rẹ̀ sọ pé kó jẹ́ láti òjò àkọ́rọ̀, nítorí òjò àkọ́rọ̀ ló ń ba ọ̀nà jẹ́ jù. Òótọ́ ni ó sì sọ.

Lìádì ni ó ń ṣọ́ ọ̀pá náà. Ní òjò èṣí, Jùbrílù fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Mùjíbátù, ọmọ Fàtímọ̀ aláta, dé ibẹ̀; ó ti ń rọbí láti ọjọ́ tó ṣáájú, ọmọ kò wá. Ọ̀nà ṣì tutù. Lìádì wo ojú obìnrin náà, ó ṣí ọ̀pá. Mùjíbátù bí ọmọ rẹ̀ ní ọsibítù, tìyá tọmọ yè. Ṣùgbọ́n kí Lìádì tó tún un tì, àwọn lọ́rì mìíràn ti já wọlé tẹ̀lé e, wọ́n sì hú ọ̀nà náà débi pé kò ṣe é gbà títí òjò ọdún náà fi tán. Wándé gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Lìádì, ó ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ìwé òfin káńsù kò lè dè é, nítorí pé ìwé náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí Lìádì búra. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, níwájú Lemọ́mù, Lìádì gbọ́wọ́ lé Àlùkùráánì pé òun kò tún ní í ṣí ọ̀pá náà níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà bá tutù.

"Bí èmi fúnra mi bá wá tí mo ní kí o ṣí i ńkọ́?" ni Wándé bi í.

"N kò ní ṣí i, Ọ̀gá."

"Ó dára. N ó wá dán ọ wò lọ́jọ́ kan."

Inú Wándé dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àgádágodo tí ìpátá kò lè já.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, òjò ti dá. Ojú ọ̀run mọ́ kedere bí abọ́ tí wọ́n fọ̀. Wándé gbé pákó rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀ nínú bọ́lẹ̀kájà Jùbrílù, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá òjò náà kò dé Àfọ́n. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ń yọ̀. Fàtímọ̀ aláta jókòó ní ìdojúkọ rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata rẹ̀.

Wọ́n dé Àfọ́n. Ọ̀pá wà ní títì. Lọ́rì onígi kan ti yà sí etí ọ̀nà níwájú rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí koríko, ó ń jẹ obì. Àgbẹ̀ kan fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kọjá, ó ń súfèé lọ.

Lìádì jáde láti inú ahéré rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Ẹ kú òjò o! Ọlọ́run dá wa lóhùn."

"Lìádì, ṣí i."

Lìádì wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà, Ọ̀gá! Mo ti mọ̀. Ẹ ti ní ẹ ó wá dán mi wò lọ́jọ́ kan."

"N kò dán ọ wò. Èmi ni wọ́n fẹ́ dán wò lónìí. Agogo mẹ́sàn-án ni."

"A gbọ́, Ọ̀gá. A ti ṣàdúrà fún yín ní mọ́ṣáláṣí." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti búra. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n búra."

"Èmi tí mo ní kí o búra ni mo ní kí o ṣí i."

"Ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo búra fún."

Fàtímọ̀ ti yọ orí síta. "Ọ̀gá ojú ọ̀nà! Ṣé ọ̀nà ti gbẹ ni? Ọjọ́ tí ọmọ mi ń kú lọ, òjò ló rọ̀. Àná yìí, kí ló rọ̀? Èlùbọ́?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Jùbrílù ní, "Ìyá aláta, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ èṣí kọ́ la wá sọ. Ọ̀gá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, oòrùn ń gòkè."

Wándé bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó ní bó ṣe Lemọ́mù ni, òun á lọ bá a. Ojú rẹ̀ wà lára aago. Ó ṣírò ẹsẹ̀ rírìn láti ibẹ̀ dé ọ̀nà ọlọ́dà pẹ̀lú pákó lórí, ó rò pé kò lè bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ọwọ́ á máa gbọ̀n pẹ̀lú, ta ní í fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n ya afárá?

Níkẹyìn, Lìádì tú kọ́kọ́rọ́ ní ìbàǹtẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí ìtí igi náà jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. "Èmi kò lè ṣí i. Ẹ̀yin kò búra." Ó yíjú sí odò.

Wándé wo ọ̀nà níwájú. Òkè rẹ̀ ti ń ṣá, ó ń padà sí àwọ̀ osùn gbígbẹ. Ó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ń wá nǹkan, ohun tó fẹ́ gbọ́ ni í sọ fún ara rẹ̀: ọkọ̀ kan péré ni, àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀ kó lè fúyẹ́, kíákíá ni. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àgádágodo tí òun fúnra rẹ̀ rà. Ó gbé ọ̀pá náà sókè, ó wúwo ju bí ó ṣe rò lọ. Kò tíì gbé e rí.

"Jùbrílù, máa lọ! Àwọn yòókù, ẹ dúró o!"

Ta ló dúró? Awakọ̀ onígi náà ti tan ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn èrò bọ́ sílẹ̀, Jùbrílù wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, ó rìn díẹ̀, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ jó sọ́tùn-ún, ó jó sósì, ó sì rì kẹ̀ǹkẹ̀ títí irin àárín táyà fi fẹnu kan yangí. Lọ́rì onígi fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó tẹ etí ojú omi abẹ́ ọ̀nà tí Wándé fi símẹ́ńtì mọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, etí náà sì ya lulẹ̀ sínú odò. Òun náà há síbẹ̀.

Wọ́n tì, wọ́n gbẹ́, wọ́n já ewé sábẹ́ táyà. Táyà ń pọ ewé náà jáde bí ẹnu aláìsàn. Jùbrílù nu ojú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ wá bà lé pákó tí Wándé ti gbé sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gbé pákó yẹn wá."

Wándé dì í mọ́ra. "Pákó ìdánwò ni."

"Bí ọkọ̀ kò bá jáde, ìdánwò wo?"

"Bí kò bá sí pákó, ìdánwò wo?"

Ó gbé e rù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ohùn Fàtímọ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn: "Ẹ máa lọ o! Ẹni tó ṣílẹ̀kùn ẹrẹ̀ fún wa ti bá tirẹ̀ lọ!"

Ó rìn, ó sáré, afẹ́fẹ́ ń wọ abẹ́ pákó, ó ń fà á sẹ́yìn bí ìgbà tí ọmọ bá ń fa aṣọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀nà ọlọ́dà, ọkọ̀ kan tó kó obì láti Ifẹ̀ gbé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Agodi, ó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ gun òkè náà. Kò tíì dé ẹnu ọgbà tó fi gbọ́ agogo. Ó kà á bí ó ṣe ń sáré, ó sì lù pé mẹ́sàn-án kó tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Bàbá arúgbó ọjọ́sí ló dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ wá wo ibí lọ́jọ́ Ajé ọjọ́ náà? Ẹ mọ ilé ìyàgbẹ́, ẹ mọ ibi tí oòrùn ń gbà. Kí ló wá dé?"

Wándé na ọrùn wo inú gbọ̀ngàn. Láti ojú fèrèsé ni ó ti rí àga kan tó ṣófo láàárín àwọn tó tẹrí ba. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ṣírò, nítorí pé ìṣirò ni ọkàn rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Àsìkò tó fi ń bá Lìádì jà, àsìkò tó fi gbé ọ̀pá, àsìkò tí wọ́n fi ń já ewé. Ká ní ó gbé pákó rù lẹ́sẹ̀ kan náà tó bá ọ̀pá ní títì, kó tẹ̀lé oníkẹ̀kẹ́ tó ń súfèé náà, ì bá ti débẹ̀, ì bá ti mu omi, ì bá ti jókòó kí ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀. Ó tún un ṣírò, bóyá ó ṣì í. Kò ṣì í.

Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó jẹ iṣu àti ẹ̀pà náà tán, nítorí pé Adétutù ló sè é.

Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tó padà dé Àfọ́n. Wọ́n ti wọ́ lọ́rì onígi jáde, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Jùbrílù ṣì rì síbẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ jókòó sí etí ọ̀nà, ata Fàtímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn tó rí i láti òkèèrè dìde.

"Ẹ kú ìdánwò o, Ọ̀gá! Ó dáa?"

Ó kọjá lára wọn. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó tú aṣọ onírọ́bà, ó fi ọwọ́ pa ojú pákó náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó tì í wọlé sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, kí igi ìdábùú méjèèjì lè di táyà mú.

"Ọ̀gá!" Jùbrílù gbọ́wọ́ lé orí. "Pákó ìdánwò!"

"Tan ọkọ̀."

Ọkọ̀ bú. Táyà yí lórí asán, ó mú igi ìdábùú àkọ́kọ́, pákó sunkún, ọkọ̀ gbéra díẹ̀, táyà mú èkejì. Wándé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo bí igi ṣe ń pín ẹrù náà fún ilẹ̀ rírọ̀, inú rẹ̀ sì dùn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, bí ó ti máa ń dùn bí nǹkan bá ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ọkọ̀ gun òkè. Pákó là sí méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Fàtímọ̀ wo pákó náà, ó wo Wándé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ata rẹ̀, ó gun ọkọ̀.

Wándé lọ bá Lìádì, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. Lìádì ti ká ẹní rẹ̀, ó dì í mọ́ ìkòkò kan.

"Ẹ mú un dání, Ọ̀gá. N kò bínú o. Ṣùgbọ́n kí ni n ó máa sọ fún àwọn awakọ̀? Bí mo bá ní mo ti búra, wọn á ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí igi fún àwọn náà."

"Lìádì, jókòó. Iṣẹ́ rẹ ni."

"Iṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀." Ó gbé ẹrù rẹ̀ lé èjìká. "Ẹ kú ọjọ́ òní. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ yege." Ó lọ.

Wándé fa ọ̀pá náà sílẹ̀, ó fi ṣéènì dè é, ó ti àgádágodo. Ìkùukùu tún ti ń dúdú lápá Ìwó. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì Lìádì, pákó tó là sí méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí lọ́rì kan dé láti apá Erúnmu, awakọ̀ rẹ̀ fun fèrè, ó fun un lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi kí òjò tó dé. Ẹrù mi yóò bàjẹ́."

"Ilẹ̀ ṣì tutù."

"Mo mọ̀. Ó tutù láàárọ̀ náà." Ọkùnrin náà kò fi ìbínú sọ ọ́, bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà ni ó ṣe sọ ọ́. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣí i láàárọ̀?"

Wándé wo kọ́kọ́rọ́ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí pákó arère náà, ó tàn ká níbi tí kò sí ìlà kankan. "Èmi ni mo ṣí i," ni Wándé wí, ó pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, kò sì ṣí ọ̀pá.